Ìlù Tó Bá Dún Jù, Yíya Ló Kù: Ọ̀rọ̀ Lórí Sitẹ́rìó Inú Mọ́tò àti Owó Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀, owó yín sì ni. Ọ̀rọ̀ náà ni ti sitẹ́rìó tí àwọn ènìyàn wa ń fẹ́ fi ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ rà sínú mọ́tò.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò kọ́kọ́ sọ. Wọn á ní, "Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe ẹgbẹ́ onílù. Kí ló kan owó wa kan orin?" Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi mọ́tò kó èrò láti Ògbóòrò lọ sí Ṣakí mọ̀ pé èrò a máa yan ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀. Bí mọ́tò méjì bá dúró ní gáréèjì, tí ọ̀kan ń kọrin tó mọ́ gaara, tí èkejì ń hó bí ọ̀pọ̀lọ́ inú àbàtà, ẹ mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ kún. Rédíò ni dírẹ́bà fi ń gbọ́ ìròyìn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni ẹni tó ń ta oògùn eku tàbí aṣọ fi ń pe oníbàárà lọ́jọ́ ọjà. Irinṣẹ́ ni, bí àdá àti ọkọ́ ti jẹ́ irinṣẹ́ àgbẹ̀. Ohun tí àwa ń sọ ni pé kí ẹgbẹ́ yáni lówó fún un, ṣùgbọ́n kí owó náà kéré, kí a sì máa fún ènìyàn ní ẹsẹẹsẹ. Ìdí ọ̀rọ̀ wa rèé.

Àwọn tó ń gbé etí omi ní ọkọ̀ ojú omi. Ní tiwa, ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ọlọ́run fi wá sí, mọ́tò sì ni ọkọ̀ ojú omi wa. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ará wa tó ń fi ọkọ̀ pẹja lórí adágún Ikere Gorge, níbi tí wọ́n ti sé odò Ògùn lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Bátìrì 12 fólítì kan náà ni sitẹ́rìó ọkọ̀ ojú omi àti ti mọ́tò kékeré ń lò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ̀rinrin tètè ń jẹ wáyà àti ojú ìsopọ̀ lórí omi. Nítorí náà, wáyà bàbà tí a fi tánganran bò ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń lò, wọn a sì gbé gbogbo ìsopọ̀ sókè kúrò ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí omi ń ró sí. Bí èyí bá yé wa, ohun tó kù kò ní ṣòro.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí orin ti ń wá. Ní 1930 ni ilé iṣẹ́ Galvin ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, gbé rédíò mọ́tò tí wọ́n pè ní Motorola jáde. Ní 1963 ni ilé iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde. Ẹ̀yin àgbà inú wa rántí bí kásẹ́ẹ̀tì Haruna Ishola, ti Ayinla Ọmọwura, ti Ebenezer Obey àti ti Sunny Ade ṣe kún inú mọ́tò nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ orin tó dára láyé ọjọ́un ní láti ra ẹ̀rọ tó dára, nítorí pé inú ẹ̀rọ náà ni orin wà. Ayé ti yí báyìí. Orin wà nínú fóònù tó wà lápò dírẹ́bà. Bí rédíò àtijọ́ bá ní ihò AUX, wáyà kékeré kan ti tó láti so fóònù mọ́ ọn. Bí kò bá ní ihò, nǹkan kékeré kan wà tí a ń kì bọ ihò tí a fi ń tan sìgá, tí yóò gba orin lọ́wọ́ fóònù, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ sí orí FM rédíò. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ yá owó ńlá láti pààrọ̀ ojú rédíò nítorí àti gbọ́ orin tuntun, kí ó kọ́kọ́ lọ fi ìwọ̀nba owó ra nǹkan kékeré yìí wò ná.

Ohun kejì ni irọ́ tó wà lára páálí. Ẹ lọ wo ọjà wa, ẹ lọ sí Alaba ní Èkó, ẹ ó rí páálí rédíò tí wọ́n kọ "200 wáàtì" sí lára, àní a rí èyí tí wọ́n kọ ẹgbẹ̀rún sí. Ẹ má jẹ́ kí ìwé ara páálí tàn yín. Ẹ yí rédíò náà padà, kí ẹ wo fíùsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 10 ámpíà, tí mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ sì ń pèsè nǹkan bí 14 fólítì, ẹ sọ 14 di ìlọ́po 10: 140 wáàtì ni gbogbo agbára tí ó lè gba ẹnu fíùsì yẹn wọlé láìjẹ́ pé fíùsì náà jó bó bá pẹ́. Apá kan nínú rẹ̀ á sì di ooru lásán. Báwo wá ni rédíò tó ń jẹ 140 yóò ṣe yọ 200 jáde? Oníṣòwò wo ló ń ra ọjà 140 náírà, tí ó fọ́n apá kan dànù, tí ó tún wá ní 200 lọ́wọ́? Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, rédíò mọ́tò tí kò ní ámpù lọ́tọ̀ kì í lè fún sípíkà 4 ohm kan ní ju nǹkan bí 15 sí 20 wáàtì gidi lọ. Èyí kì í ṣe àbùkù ẹ̀rọ náà. Bí bátìrì 12 fólítì ṣe mọ nìyẹn.

Ohun kẹta ló ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, ohùn kì í di ìlọ́po méjì létí. Dẹ́síbẹ́lì 3 péré ló fi ń lé, etí ènìyàn a sì gbọ́ ọ bí ìwọ̀nba díẹ̀. Kí ohùn tó dà bí ìlọ́po méjì létí wa, a nílò wáàtì tó tó nǹkan bí ìlọ́po 10. Nítorí náà, ẹni tó kúrò ní 50 wáàtì bọ́ sí 100, tó sì san owó ìlọ́po méjì, kò rí ìlọ́po méjì gbà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: sípíkà kan wà tí yóò fi wáàtì 1 dún tó dẹ́síbẹ́lì 89, òmíràn wà tí yóò fi wáàtì 1 kan náà dún tó 92. Ẹni tó ra sípíkà kejì yìí ti rí èrè kan náà tí ì bá fi ìlọ́po méjì wáàtì wá, kò sì fi kún bátìrì rẹ̀. Nọ́ńbà yìí a máa wà nínú ìwé tó bá sípíkà wá. Ẹ máa béèrè rẹ̀ kí ẹ tó nawọ́ sí owó.

Níbo wá ni kí owó kékeré kọ́kọ́ lọ? Àwa ní kí ó kọ́kọ́ lọ sí ibi tí ojú kò rí: bátìrì, wáyà àti ojú ìsopọ̀. Bátìrì tó kún, tí mọ́tò ti kú fún wákàtí díẹ̀, yẹ kí ó wà ní nǹkan bí 12.6 fólítì. Bí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́, kí ó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Bí kò bá dé ibẹ̀, ìṣòro yín kì í ṣe ti sitẹ́rìó rárá, ẹ lọ bá rẹ́wáyà kí ó wo ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná. Lẹ́yìn náà, ẹ wo wáyà. Wáyà bàbà tó nípọn 2.5, tó gùn ní mítà 5 ní àlọ àti mítà 5 ní àbọ̀, yóò jẹ nǹkan bí fólítì 1.4 bí ámpíà 20 bá gba inú rẹ̀ kọjá. Kí ámpù tó rí iná, wáyà ti jẹ nínú rẹ̀, bí alágbàtà tó ń gbé iṣu láti oko, tó ti ta mẹ́wàá lọ́nà. Ẹni tó gbé ámpù ńlá, tó wá fi wáyà tín-ín-rín so ó, ó dà bí ẹni tó fẹ́ fi koríko mu àmù omi tán.

Ẹ sì ṣọ́ra fún wáyà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kun lára. Ó pọ̀ lọ́jà. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun, kì í ṣe bàbà. Kò lè gbé iná tó bàbà, kò sì yẹ kí owó rẹ̀ bá ti bàbà dọ́gba. Wáyà ilẹ̀ pàápàá, èyí tí a ń so mọ́ ara irin mọ́tò, ẹ fi páálí ìyẹ́rin yẹ ìpata kúrò kí ẹ tó dè é. Bí ẹ bá gbọ́ tí sípíkà ń sunkún, tí ẹkún náà ń ròkè bí dírẹ́bà ṣe ń tẹ iná, ìsopọ̀ ilẹ̀ tí kò dára ló sábà máa ń fà á. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò gba ẹ̀yáwó.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni fíùsì. Ẹ fi fíùsì sí orí wáyà tó ti orí bátìrì wá, kí ó súnmọ́ bátìrì, kí ó má jìnnà ju nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Bí wáyà bá bó lára irin láìsí fíùsì, wáyà náà á gbóná títí yóò fi ràn mọ́ àga àti ẹrù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó èédú àti àpò òfìfo, ẹ mọ ohun tí iná lè fi ìyẹn ṣe. Owó fíùsì kò tó owó ìpápánu, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀ṣọ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ ńlá tó ń kó iṣu àti ẹ̀lùbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ló ń lo bátìrì méjì, 24 fólítì. Rédíò 12 fólítì kò lè gbé 24, yóò jóná. Àṣà tí àwọn kan wá dá ni pé wọ́n ń fa iná rédíò láti ara bátìrì kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Rédíò á sọ̀rọ̀, inú á dùn. Ṣùgbọ́n bátìrì kan ń ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni omi tí wọ́n jọ ń mu. Eléyìí tí wọ́n ń fa iná lára rẹ̀ kò ní kún mọ́, èkejì á kún ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn méjèèjì á sì tètè kú. Owó bátìrì ọkọ̀ ńlá méjì ju owó rédíò lọ. Ohun tó yẹ ni ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 24 di 12. Ẹ rà á, kí ẹ sì sinmi.

Lẹ́yìn wáyà, sípíkà ló kàn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó kò ní láti ra tuntun. Sípíkà tòkunbọ̀ tí mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wúwo, tí bébà àti etí rẹ̀ kò tíì ya, lè sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Bí etí rẹ̀ nìkan ló ti jẹrà, àwọn tó ń tún un ṣe wà ní Ìbàdàn. Kí ẹ tó dè é, ẹ fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan kàn án lẹ́nu: bí ẹ bá fi ojú kan náà kan àwọn sípíkà méjèèjì, ó yẹ kí wọ́n jọ yọ síta tàbí kí wọ́n jọ wọlé. Bí ọ̀kan bá ń yọ síta tí èkejì ń wọlé, wọ́n ń bá ara wọn jà nìyẹn, ohùn ìsàlẹ̀ ìlù á sì sọnù. Ẹlòmíràn ti tìtorí èyí ra ámpù, bẹ́ẹ̀ wáyà méjì péré ni kí ó yí padà.

Sípíkà tí a so rọ̀ lásán kò sì lè dún bó ṣe yẹ. Afẹ́fẹ́ tó ń tì síwájú àti èyí tó ń fà lẹ́yìn á pàdé, wọn á sì pa ara wọn. Ìdí nìyẹn tí onígángan kì í fi awọ lásán lù láìsí igi ìlù. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà Ògbóòrò kan àpótí tó le, kí ó dí gbogbo ihò rẹ̀, kí ẹ fi òwú díẹ̀ sínú. Bí ilẹ̀kùn mọ́tò ni ẹ fẹ́ kàn án mọ́, ẹ dí àwọn ihò ilẹ̀kùn náà. Ní Ṣakí níbẹ̀, tí iṣẹ́ irin ti jẹ́ iṣẹ́ ìdílé, ẹ ó rí ẹni tí yóò rọ irin ìdè fún yín, tí àpótí kò fi ní máa jó bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹnu polówó lọ́jà, tiyín yàtọ̀. Ẹ kò nílò àpótí ńlá. Ohùn ènìyàn kò ní ìsàlẹ̀ púpọ̀ bí ìlù. Sípíkà ẹlẹ́nu fèrè, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì, a máa dún ju dẹ́síbẹ́lì 100 lọ lórí wáàtì 1 péré. Ìdí nìyẹn tí ámpù kékeré fi lè gba ọjà kọjá. Ẹ tún ṣírò bátìrì yín. Bátìrì 75 ni ọ̀pọ̀ ń lò, kò sì yẹ kí a fà á kọjá ìdajì tí a kò bá fẹ́ kí ó tètè kú. Ìdajì 75 jẹ́ 37 àti díẹ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá ń jẹ ámpíà 5, wákàtí 7 àti ààbọ̀ lẹ ní. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń jẹ ámpíà 15, wákàtí 2 àti ààbọ̀ ni. Ọjọ́ ọjà kò tíì kan ọ̀sán tí ohùn yóò ti kú.

Ámpù ló kẹ́yìn. Bí gbogbo èyí bá ti dára tí kò sì tíì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè wá rà á. Ẹ jẹ́ kí ó kéré, kí ó sì ní fíùsì tó bá wáyà rẹ̀ mu. Ẹ má yí i dé òkè pátápátá. Bí ámpù bá ti dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ya, sípíkà kéékèèké á gbóná, wọn á sì jóná. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ìlù tó bá dún jù, yíya ló kù.

Etí náà ń ya pẹ̀lú. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, ní kí ènìyàn má gbọ́ ariwo dẹ́síbẹ́lì 85 ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ó bá fi 3 lé, wákàtí náà á dín sí ìdajì: 88 fún wákàtí 4, 91 fún wákàtí 2, 94 fún wákàtí 1. Bí ó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 ni. Dírẹ́bà tó ń lọ tó ń bọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú sípíkà lẹ́yìn orí rẹ̀, ẹ wo iye ọdún tí etí rẹ̀ yóò fi bá a dé ọjọ́ ogbó. Etí tó bá sì ti lọ báyẹn kì í padà. Bákan náà, dírẹ́bà tí kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀mí èrò ló ń fi ṣeré.

Nísinsìnyí, ohun tí a ń rọ ẹgbẹ́ láti ṣe nìyí. Èkíní, kí ẹgbẹ́ pín ẹ̀yáwó sitẹ́rìó sí ọ̀nà méjì: apá kìíní fún bátìrì, wáyà, fíùsì àti sípíkà, kí ẹni náà má sì gba apá kejì fún ámpù àfi bí ó bá ti san apá kìíní tán. Èkejì, kí ẹgbẹ́ ra wáyà bàbà gidi àti fíùsì lápapọ̀, kí a máa tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ ní iye tí kò ni wọ́n lára. Ẹkẹta, kí mítà kan tó ń wọn fólítì wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni lè wá wọn bátìrì rẹ̀ kí ó tó kọ ìwé ẹ̀yáwó. Mítà kan ṣoṣo lè gba ogún ènìyàn lọ́wọ́ ìnákúnàá.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Owó tí mo yá ni, èmi ni n ó san án, kí ló kàn yín?" Ọ̀rẹ́ wa, ó kan àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ. Bí sitẹ́rìó bá jóná, tí bátìrì kú, tí mọ́tò dúró sí ilé rẹ́wáyà fún ọ̀sẹ̀ méjì, níbo lo ó ti rí owó oṣù? Ẹnu ọ̀nà wọn ni akápò yóò lọ kàn. Ó sì kan obìnrin tó ń fẹ́ yá owó ra ẹ̀gẹ́ láti fi ṣe ẹ̀lùbọ́, tí wọ́n ní kí ó dúró nítorí pé owó kò sí nínú àpótí. Owó kan náà ni gbogbo wa ń pín lò.

Àwọn tó dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1844 jẹ́ 28, àwọn ahunṣọ wà lára wọn, bí àwọn ahunṣọ òfì Ìsẹ́yìn tiwa. Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn, ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, óòtì àti àbẹ́là ni ọjà tó wà níbẹ̀. Kò sí ohun ńlá kankan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi kún un, ohun tí wọ́n sì tà kò ní àbùlà. Ní 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dé Nàìjíríà, ọ̀nà kan náà ni àwọn bàbá wa sì tọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, kí ẹ sì wá sọ tẹnu yín ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀nà tó dára ju èyí lọ, kí ó wá fi hàn wá. Kí mọ́tò yín máa kọrin, kí bátìrì yín máa jí láràárọ̀, kí owó ẹgbẹ́ sì máa padà wálé. Ire o.